Ràkúnmí kì í ṣe ọ̀kadà o! Ohun tó yẹ kí òbí Ìkẹjà GRA mọ̀ kí wọ́n tó sanwó aṣálẹ̀ fọ́mọ

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé àìrìnjìnnà ni kì í jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àmọ́ láyé tá a wà yìí, abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́ làwọn ọmọ wa fẹ́ lọ wò mọ́ o. Abuké ẹranko ńlá tó ń jẹ́ ràkúnmí ni wọ́n fẹ́ gùn, inú yanrìn Sàhárà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ gùn ún gbà.

Ìwé pélébé kan ló máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ á ti ilé ìwé dé, á ju báàgì sílẹ̀, á fa ìwé náà yọ. Ilé ìwé fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sókè òkun lásìkò ọlidé. Wọ́n á gun ràkúnmí, wọ́n á sùn sínú àgọ́ láàrin aṣálẹ̀. Iye dọ́là báyìí ni owó rẹ̀, ọjọ́ báyìí lowó gbọ́dọ̀ wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà ti dé nínú ilé. Màmá á ní ọmọ òun ò ní gbẹ́yìn ẹgbẹ́. Bàbá á ní ṣé ọmọ Bẹ̀ríbẹ̀rí lòun bí ni. Ìyá àgbà tó jókòó sí pálọ̀ á ní ta ló rán wọn níṣẹ́ ikú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ìjà yìí. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: aṣálẹ̀ kò mọ ọmọ olówó, kò mọ ọmọ tálákà. Ohun mẹ́ta péré ló mọ̀: omi, amọ̀nà, àti ìgbọràn. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á lọ á bọ̀. Ẹni tí ọ̀kan bá yẹ̀ fún nínú ẹ̀, kódà kí bàbá rẹ̀ ní ilé márùn-ún ní Isaac John, yanrìn ò ní bi í pé ọmọ ta ni.

GRA ti pẹ́ nídìí ìwé

Kì í ṣe ìyanu pé àdúgbò bíi Ìkẹjà GRA ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ń wáyé. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí ilé ibẹ̀ fi jìnnà síra, tí igi sì pọ̀ lójú títì. Àwọn òyìnbó tó ń gbé l'Ékòó nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé Grange ní 1958, káwọn ọmọ wọn lè máa kàwé bí ẹni tó wà ní ìlú ọba. Nígbà tí òyìnbó lọ, àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ wọ́n tẹ́ ṣíbí gba ilé, wọ́n sì gba ilé ìwé pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, ìrìn àjò ilé ìwé, èyí táwọn ọmọ ń pè ní ẹ̀sìkọ́ṣàn, ti kúrò ní lílọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ilé ìwé aládàáni ńláńlá l'Ékòó ti ń kó ọmọ wọ bàálù lọ sí Lọ́ndọ́nù, Amẹ́ríkà àti Dubai.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ṣírò. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là nígbà náà jẹ́ 460,000 náírà. Nígbà tó fi máa di 2024, dọ́là kan ti fò dé 1,500 náírà. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là yẹn kan náà ti di mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Lóṣù keje ọdún 2024 náà nìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ẹ wò ó, ẹni tó ń gba 70,000 máa ṣiṣẹ́ ju oṣù mọ́kànlélógún lọ, láìjẹ láìmu, kó tó rí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Bàálù, físà, oúnjẹ àti àgọ́ fún ọmọ kan sì lè gbà ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ san án, kó mọ ohun tóun ń rà.

Ti Dubai yàtọ̀, ti Morocco yàtọ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ pé oríṣi ọjà méjì ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà.

Àkọ́kọ́ ni ti Dubai. Àwọn ọkọ̀ jíìpù ńlá ló máa ń gbé èrò wọ inú yanrìn nírọ̀lẹ́. Wọ́n á sáré gun òkìtì, wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀, ọmọ á pariwo. Wọ́n á gbé e lé orí ràkúnmí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ẹran súyà tiwọn, wọ́n á sì padà sí òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò burú, ìgbádùn ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ yín la aṣálẹ̀ kọjá o. Fọ́tò ló yà.

Ìkejì ni ìrìn gidi, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Morocco. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Merzouga, lẹ́bàá òkìtì yanrìn ńlá tí wọ́n ń pè ní Erg Chebbi. Àwọn òkìtì náà ga tó nǹkan bí 150 mítà níbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá to ilé alájà mẹ́wàá mẹ́rin léra wọn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń so ràkúnmí mọ́ ara wọn ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, amọ̀nà á sì fẹsẹ̀ rìn níwájú. Tó bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ púpọ̀, àwọn ràkúnmí ló máa ń ru omi, àgọ́ àti oúnjẹ, àwọn èèyàn á sì máa fẹsẹ̀ rìn ju bí wọ́n ṣe ń gùn ún lọ. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń gbéra. Tí oòrùn bá ti wà ní àtàrí, wọ́n á wá ibi ìbòji sinmi. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ síwájú.

Ìlú mìíràn tún wà ní Morocco tó ń jẹ́ Zagora. Ojú pátákó kan níbẹ̀ ti di gbajúmọ̀ káàkiri ayé, nítorí ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ọjọ́ 52 ni Timbuktu. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe wákàtí 52. Ọjọ́ 52 lórí ràkúnmí ni!

Ẹranko tí Ọlọ́run ṣe fún yanrìn

Nígbà ọdún Iléyá, kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ l'Ékòó kéèyàn rí ràkúnmí kan tàbí méjì láàrin màlúù àti àgbò tí wọ́n kó wá láti òkè Ọya. Àwọn ọmọdé á máa sá tẹ̀lé e, wọ́n á máa wo ọrùn rẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ bí ẹranko náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀. Irọ́ ni o. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá yẹn ló máa ń jẹ mọ́ra nígbà tí kò bá sí koríko. Ti omi wà lọ́tọ̀: tí òùngbẹ bá ti gbẹ ràkúnmí dáadáa, tó wá rí kànga, ó lè mu nǹkan bí 100 lítà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ́ ẹ gbé jálá oní-25 lítà mẹ́rin kalẹ̀, á fà á gbẹ, á sì máa wo ojú yín.

Èèyàn tí omi ara rẹ̀ bá dín díẹ̀ péré ti ń rí òòyì. Ràkúnmí lè pàdánù omi tó tó ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀, kó ṣì máa rìn lọ. Ara rẹ̀ máa ń tutù lóru dé bíi ìwọ̀n 34, á sì gbóná lọ́sàn-án dé 40, láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn. Èèyàn tí ara rẹ̀ bá dé 40, ọsibítù là ń sáré gbé e lọ. Ó lè pa ihò imú rẹ̀ dé kí yanrìn má wọlé. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, kì í rì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan ọmọ yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ràkúnmí máa fi ń kọ́kọ́ dìde. Tí ọmọ ò bá mọ̀ pé kóun fara sẹ́yìn, kó sì di gàárì mú ṣinṣin, orí ni yóò fi sọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tó bá fẹ́ kúnlẹ̀. Tó bá ń rìn, ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn lápá kan náà ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ńṣe ló máa ń mi èèyàn bí ọkọ̀ ojú omi. Èébì wà ńbẹ̀, ìbàdí dídùn wà ńbẹ̀. Ìwọ̀n kìlómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń rìn ní wákàtí kan, bí ìgbà téèyàn ń fẹsẹ̀ rin ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀kadà?

Afọ́jú kan tó ríran ju gbogbo wọn lọ

Nítòsí Merzouga yẹn kan náà, lẹ́bàá ìlú Rissani, ni àwókù ìlú àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Sijilmasa. Láyé ọjọ́un, ẹnu ọ̀nà Sàhárà ni. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń gbéra lọ sí ilẹ̀ Mali láti lọ ra wúrà. Lọ́dún 1352, ọmọ Morocco kan tó ti rin ayé já, Ibn Battuta, bá ọ̀wọ́ ràkúnmí àwọn oníṣòwò gbéra níbẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ 25 ni wọ́n fi dé Taghaza, ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀. Ó ní kò sí igi kankan níbẹ̀, òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́sáláṣí, awọ ràkúnmí ni wọ́n fi ṣe òrùlé. Láti ibẹ̀ lọ síwájú, aṣálẹ̀ tí kò ti sí omi fún ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Nínú èrò náà, àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n jẹ́ ìbátan, Ibn Ziri àti Ibn Adi. Ìjà ẹnu ṣẹlẹ̀ láàrin wọn. Ibn Ziri bínú, ó fà sẹ́yìn. Nígbà tí èrò dúró sinmi, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ìbínú ọjọ́ kan péré ni o! Ibn Battuta sọ pé ṣáájú ìgbà náà, òun pẹ̀lú àwọn kan máa ń sáré ṣíwájú èrò láti wá ibi tí ẹran á ti jẹun. Látọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti sọnù, òun ò ṣíwájú mọ́, òun ò sì gbẹ́yìn mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílé, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ọmọ tó lè bínú wọ yàrá, kó ti ilẹ̀kùn, kó ní òun ò jẹun alẹ́, ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ pé kò sí yàrá ní aṣálẹ̀?

Ti amọ̀nà ló tún yà wá lẹ́nu jù. Nígbà náà, wọ́n máa ń háyà ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní takshif. Òun nìkan ló máa ń ṣíwájú lọ sí ìlú Walata, láti lọ sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé èrò ń bọ̀, kí wọ́n gbé omi wá pàdé wọn lójú ọ̀nà. Tí takshif bá kú sọ́nà, tí Walata ò gbọ́, gbogbo èrò lè kú tán. Èyí tí wọ́n háyà lọ́dún náà, ọgọ́rùn-ún mithqal wúrà ni wọ́n san fún un. Àbí kí lẹ rò pé ó rí? Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ìkejì ń ṣàìsàn! Síbẹ̀, Ibn Battuta ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó o. Wọ́n sì débẹ̀ láyọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: kì í ṣe aṣọ amọ̀nà, kì í ṣe òyìnbó tó ń sọ, kì í ṣe ìwé ìpolówó tó ń dán ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ béèrè pé ta ni, ọdún mélòó ló ti ń rin ọ̀nà náà, ta ló sì mọ̀ ọ́n.

Obì Agége, káún inú ewédú

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kan Yorùbá kan ràkúnmí. Ó kàn wá o. Ẹ fò rélùwéè kọjá láti GRA, ẹ bọ́ sí Agége. Níbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, oko obì àti kòkó ni gbogbo agbègbè yẹn. Obì gbàǹja Agége ló kó àwọn oníṣòwò Haúsá jọ síbẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní 1912, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé obì náà lọ. Láti Kánò, ẹ̀yìn ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbà wọ ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè.

Ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ńkọ́? Káún! Káún tí màmá yín ń jù sínú ewédú àti ẹ̀wà, etí odò Chad àti ẹnu aṣálẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ràkúnmí ló sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ GRA tó ń jẹ àmàlà àti ewédú ti ń bá aṣálẹ̀ jẹun tipẹ́, wọn ò kàn sọ fún un ni. Bí tíṣà bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn àti ọrọ̀ ajé ló yẹ kó kọ́ wọn nìyẹn kí wọ́n tó wọ bàálù.

Àwọn tó ti lọ, tí wọ́n sì bọ̀

Àwọn èèyàn tiwa náà ti la Sàhárà já. Newton Jibunoh, ọmọ Akwukwu-Igbo ní ìpínlẹ̀ Delta, lọ kàwé ní Lọ́ndọ́nù. Lọ́dún 1966, mọ́tò ló wà láti Lọ́ndọ́nù dé Èkó, òun nìkan ṣoṣo, ó gba Sàhárà kọjá. Lọ́dún 2000, ó tún gbéra láti Èkó padà sí Lọ́ndọ́nù. Nígbà tó di 2008, àwọn ọ̀dọ́ ló kó dání. Kì í ṣe fáàrí ló bá lọ: ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀, tó ń gbin igi láti dá aṣálẹ̀ dúró, kó má baà gbé ilẹ̀ òkè Ọya mì.

Kúnlé Adéyanjú gbé alùpùpù ní Lọ́ndọ́nù lóṣù kẹrin, 2022, ó sì dé Èkó lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ 41, ó ń wá owó láti fi gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Lóṣù kìíní, 2024, Pẹ̀lúmi Nubi, obìnrin, òun nìkan, wọ mọ́tò Peugeot 107 kékeré, ó gba Morocco àti Mauritania kọjá, ó dé Èkó lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jàǹbá ọkọ̀ bá a ní Côte d'Ivoire.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àgbà ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì palẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó lọ. Kò sí èyí tó jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ń lọ.

Àwọn tó lọ, tí wọn ò bọ̀

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wọ wá lára. Yanrìn tí ọmọ GRA ń sanwó láti lọ ya fọ́tò sí, yanrìn yẹn kan náà làwọn ọmọ míràn ń gbà, tí wọ́n ń wá ọ̀nà Líbíyà àti Yúróòpù. Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Ẹ̀yìn Hilux ni wọ́n ń kó èèyàn sí bí ẹni kó iṣu, wọ́n á gbá igi mú kí wọ́n má jábọ́, jálá omi kékeré kan á so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Lóṣù kẹwàá, 2013, òkú 92 ni wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Niger, nítòsí ààlà Algeria. Ọkọ̀ ló bà jẹ́, òùngbẹ ló pa wọ́n. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, 2017, ìròyìn tún kàn pé èèyàn 44 kú ní Niger yẹn, ọkọ̀ wọn bà jẹ́ láàrin yanrìn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Ghana wà nínú wọn, àwọn ọmọ ọwọ́ náà wà ńbẹ̀. Ẹni mẹ́fà péré ló fẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi rí omi.

Kí ló ya ọmọ tó gun ràkúnmí ní Merzouga sọ́tọ̀ sí àwọn wọ̀nyí? Owó ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tí owó náà rà: omi tó pọ̀, amọ̀nà tí kò ní já wọn sílẹ̀, àti ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, tí yóò wá wọn bí wọn ò bá dé. Ohun tí takshif ń ṣe ní 1352 náà nìyẹn. Ẹni tí kò ní in, ńṣe ló fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Bí ilé ìwé bá gbowó yín tán tí kò pèsè ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a jẹ́ pé owó olówó ni wọ́n fi ra ewu tálákà fún ọmọ yín.

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọmọ ọdún mélòó ni? Ètò kan wà tí Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, dá sílẹ̀ ní 1956, tó wà ní Nàìjíríà náà, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìrìn inú igbó àti aginjù. Wọn kì í gba ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì àti oru kan ni ìrìn rẹ̀. Ìpele kejì, ọjọ́ mẹ́ta. Ìpele tó ga jù, ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ sì gbọ́dọ̀ tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n tó ṣe ìrìn gidi, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò. Ilé ìwé tó fẹ́ mú ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ fi ọjọ́ márùn-ún rin yanrìn láìṣe ìdánrawò kankan, ẹ bi í pé níbo ló ti rí ọgbọ́n náà.

Oṣù wo ni? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láàrin oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, oòrùn Merzouga máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Bẹ́ẹ̀ ọlidé gígùn táwọn ọmọ wa ń gbà gan-an nìyẹn! Láti oṣù kẹwàá sí ìkẹrin ló sàn. Àmọ́ lóṣù Kejìlá àti ìkíní, òtútù òru ibẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ omi di yìnyín. Ọmọ Èkó tí ò ní aṣọ òtútù, á mọ̀ ọ́n lára.

Irú ẹ̀jẹ̀ wo lọmọ ní? Ẹ dákun, ẹ má fi èyí ṣeré. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ SS, ohun tó ń fa ìrora rẹ̀ ni àìmu omi tó, ooru tó pọ̀, òtútù òjijì, àti àárẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú aṣálẹ̀ láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má fi pamọ́ fún ilé ìwé nítorí ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée náà, eruku ń bẹ níbẹ̀.

Ṣé wọ́n ti sọ ti ìmọ́tótó? Láti 2012 ni wọ́n ti mọ àìsàn èémí kan tí wọ́n ń pè ní MERS ní Saudi Arabia, ó sì lè ti ara ràkúnmí ran èèyàn. Àjọ ìlera àgbáyé ní kéèyàn fọwọ́ dáadáa tó bá fọwọ́ kan ràkúnmí tán, kó má sì mu wàrà rẹ̀ tí wọn ò sè.

Ta ló ń ṣọ́ wọn lóru? Lóṣù kẹta, 2022, ilé ìwé Èkó kan kó àwọn ọmọ lọ sí Dubai fún eré ìdárayá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ní òtẹ́ẹ̀lì dá wàhálà tó pọ̀ débi pé lóṣù kẹrin, ìjọba Èkó ti gbogbo ẹ̀ka ilé ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀. A ò ní tú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ká. Àmọ́ ẹ béèrè: tíṣà mélòó sí ọmọ mélòó? Ta ló máa sùn nítòsí àgọ́ àwọn obìnrin? Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́.

Físà ńkọ́? Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà láti wọ Morocco. Ti Dubai náà, lóṣù kẹwàá, 2022 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú, kò sì ṣí padà títí di oṣù keje, 2024. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sanwó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí físà ò bá jáde, owó yín á padà.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o ńkọ́?

Ẹ má torí ràkúnmí jẹ gbèsè o. Ohun tí ìrìn náà ń kọ́ ọmọ, ìyẹn ìfaradà, ìgbọràn, ká mọ bá a ṣe ń pín omi díẹ̀ láàrin èèyàn púpọ̀, ó wà nílé náà. Láti 1951 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ibùdó Man O' War Bay, tó di ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwà ọmọlúàbí àti ìdarí. Wọ́n ní ilé ìwé orí òkè ní Shere Hills lẹ́bàá Jos, wọ́n sì ní ti ojú omi ní Àpápá níbí. Òkè Ìdànrè náà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ọmọ tó bá gùn ún dókè pẹ̀lú ìgò omi kan péré, tó sì pín in fún ẹnì kejì, ti kọ́ ìdajì ohun tó fẹ́ lọ kọ́ ní Sàhárà.

Àmọ́ tí owó bá wà, tí ilé ìwé sì dáhùn gbogbo ìbéèrè tá a kọ sókè yìí láìfi ẹnu kọ́ ẹnu, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó lọ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí káún ti wá. Kó lọ mọ̀ pé àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn síbẹ̀, tí wọn ò jí. Tó bá délé, ẹ má kọ́kọ́ béèrè fọ́tò. Ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín omi. Tí ò bá rí èsì fún yín, ẹ lọ bá ilé ìwé, kí wọ́n dá owó yín padà.